Kẹ́tù Mẹ́sàn-án, Èèyàn Méjì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó yàtọ̀ ní Àdúgbò Àpọ́nlé, lẹ́yìn Sáńgò. Ọkọ̀ kọ́mpìnì ti já àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀ ní oríta, wọ́n ti wọlé lọ sùn. Èéfín ilé iṣẹ́ irin wà lójú ọ̀run bó ṣe máa ń wà. Kàfáyá, ìyàwó Àmọ̀dá, ń múra láti lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkángun àdúgbò, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Nọ́ọ̀sì Ọláníkẹ́ máa ń fi abẹ́rẹ́ gún un níka láti wo bí ṣúgà ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé ìwòsàn náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi ń rìn ín.

Ọkọ rẹ̀ fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe abọ́ rọ́bà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi owó tí wọ́n fún un parí ilé oníyàrá mẹ́wàá. Òun àti ìyàwó ń lo yàrá méjì, àwọn ayálégbé sì wà nínú mẹ́jọ. Bí a bá ka tàgbà tọmọdé, èèyàn mọ́kànlélógún ló ń gbé inú ilé náà. Òun tún ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Àmọ̀dá kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn gbà pé ọgbọ́n ni kí èèyàn má sọ gbogbo ohun tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kí ọgbọ́n náà ti dúró.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ẹnìkan ti sọ fún un ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí pé àwọn kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, pé wọ́n ń ka ilé, wọ́n ń ka èèyàn, wọ́n ń ka ṣọ́ọ̀bù. Àmọ̀dá kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ti pe àwọn onílé jọ.

"Owó orí ni," ó sọ fún wọn. "Wọ́n fẹ́ máa gbà á lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún àwọn ayálégbé yín kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì ká aṣọ iṣẹ́ kúrò lórí okùn. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, kó pa á dé. Bí wọ́n bá bèèrè, ẹ ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín nìkan lẹ wà níbẹ̀."

Ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn gbájú-ẹ̀ kan wọ àdúgbò náà pẹ̀lú rìsíìtì ayédèrú, wọ́n ní agbowó-orí ni àwọn. Nígbà tí Umar télọ̀ kò rówó fún wọn, wọ́n gbé ọ̀kan lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, kò sì rí i gbà padà títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó fi káàdì kọ́rùn, tó gbé fóònù pẹlẹbẹ ńlá kan lọ́wọ́, yọ sí àdúgbò ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, gbogbo nǹkan ti dákẹ́ rọ́rọ́. Umar ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ bí àlejò.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú Àmọ̀dá àti Kàfáyá, nílé wọn. "Oyèbọ́lá lorúkọ mi. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ló rán wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní ká bá òun ṣèwádìí lórí ọrọ̀ ajé, ká mọ ibi tí èèyàn ń gbé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tí wọn ò ní. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pín owó ìnáwó ọdún tó ń bọ̀."

"Owó orí nìyẹn," Àmọ̀dá sọ.

"Rárá o, Bàbá. Àwọn agbowó-orí wà láyè tiwọn. Mi ò ní kọ orúkọ yín, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Iye èèyàn ni wọ́n fi ń mọ iye nọ́ọ̀sì tó yẹ ibì kan, iye tíṣà, àti ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà yìí, kí ẹ bèèrè mi."

Àmọ̀dá kò wo lẹ́tà náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bèèrè ohun tó o fẹ́ bèèrè, ọmọ mi."

"Èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?"

"Èmi àti ìyàwó mi."

"Ẹ̀yin méjì péré, nínú ilé tó tóbi tó báyìí?"

"Ẹrù la kó sínú àwọn yàrá yòókù."

Oyèbọ́lá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn náà. Kẹ́tù àlùwàlá mẹ́sàn-án ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ pupa, omi àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lára wọn.

"Bàbá, ta ló ni gbogbo kẹ́tù yìí?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ràn kẹ́tù."

Nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá tí wọ́n kó ẹrù sí, ẹrù náà húkọ́. Oyèbọ́lá yíjú sí Kàfáyá.

"Ìyá, àwọn ọmọdé ńkọ́? Ọmọ mélòó ló wà nínú ilé?"

Kàfáyá kò fẹ́ purọ́, kò sì fẹ́ dójú ti ọkọ rẹ̀. Ó sá sábẹ́ àṣà. "Ọmọ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni, Ìyá. Àmọ́ ẹni tí wọn ò bá kà, wọn kì í bu oúnjẹ tiẹ̀." Ó tún yíjú sí Àmọ̀dá. "Bàbá, ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa kọ o. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ohun tí mo rò."

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó kọ méjì. Ó kí wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ sílé kejì, níbi tí wọ́n ti dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ náà. Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà ní àdúgbò yẹn. Nígbà tó fi máa dé ìkángun, kò bèèrè ìbéèrè kejì mọ́.

"Bàbá Ràfátù, ọmọ yẹn ò jọ ọlọ́ṣà o," Kàfáyá sọ bó ṣe ń wọ bàtà.

"Ọlọ́ṣà kì í jọ ọlọ́ṣà, Ìyá Ràfátù. Máa lọ, kí Nọ́ọ̀sì má baà máa retí rẹ."

Ní ọjọ́ náà, ṣe ni àwọn onílé ń bọ Àmọ̀dá lọ́wọ́. Wọ́n ní alága tó mọ ayé ni. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì sùn fọnfọn.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ọdún tuntun wọlé, ètò ìṣúná owó ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Kàfáyá dé ilé ìwòsàn, ó bá Nọ́ọ̀sì Ọláníkẹ́ níbi tó ti ń di ìwé sínú páálí.

"Wọ́n ti gbé mi lọ sí apá Ìgbẹsà, Ìyá. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì yòókù náà ti gba lẹ́tà."

"Kí la ṣe fún wọn?"

"Wọ́n ní èèyàn ò pọ̀ níbí. Iye tó wà nínú ìwé wọn, kò tó èyí tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta á jókòó tì. Mo ní kí wọ́n wá wo bí ibí ṣe máa ń kún. Wọ́n ní ìwádìí ti parí."

Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan á máa wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, àgádágodo ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀tà ni Kàfáyá ní láti máa lọ wàyí, sí ilé ìwòsàn ńlá. Á gun ọ̀kadà dé oríta, á wọ ọkọ̀ kan, á tún wọ òmíràn, lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ àjàgbé ti sọ di kòtò. Á wá tò sórí ìlà títí ọ̀sán á fi pọ́n. Ó lọ ní oṣù àkọ́kọ́, ó lọ ní ìkejì. Ní ìkẹta, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ní ìkẹrin, kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, Àmọ̀dá náà kò sì bèèrè.

Àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Onítọ̀hún lè tẹ ohun tó mú, kó má mọ̀ ọ́n lára. Wáyà kan láti ilé iṣẹ́ irin ni Kàfáyá tẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà òun. Ọkọ rẹ̀ ra pàúdà lọ́wọ́ kẹ́míìsì, ó bù ú sí i. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ọláníkẹ́ ṣì wà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Báyìí, kò sí ojú tó mọ ohun tí pàúdà náà bò mọ́lẹ̀. Egbò náà dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì ní ọjọ́ kan, Àmọ̀dá pe ìyàwó rẹ̀, kò dáhùn. Ó tún un pè, Kàfáyá kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ní Ọ̀tà, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀.

"Ká ní wọ́n tètè rí egbò yìí ni, bóyá ìka kan péré là bá gé," Dókítà Gbọ́ládé sọ fún Àmọ̀dá. "Ṣé kò sí ilé ìwòsàn lẹ́bàá yín ni?"

"Ó wà tẹ́lẹ̀," Àmọ̀dá dáhùn.

Ràfátù, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, wá láti Abẹ́òkúta. Kò pariwo, kò sì bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì méjì.

"Bàbá, Ìyá ò lè padà síbi tí kò sí nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn ò jìnnà sọ́dọ̀ mi."

"Èmi ńkọ́?"

"Ilé ọkọ mi ni, Bàbá. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Ìyá nìkan ni mo bẹ ọkọ mi fún."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àmọ̀dá àti Kàfáyá ti jọ ń gbé. Yàtọ̀ sí ìgbà iṣẹ́ alẹ́, kò sí òru tí wọ́n sùn lọ́tọ̀ kí àìsàn yìí tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn lọ, ó dúró lójú títì, kò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Àwọn ayálégbé náà kò pẹ́. Hajarat tó ń gbé yàrá kẹta ló kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀. "Bàbá onílé, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ mi ti pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ti rí yàrá ní Agbára." Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọkọtaya tó ní oyún, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ Hajarat. Ní oṣù Ààwẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló kù tó ní ayálégbé. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ náà kó lọ.

Ìdánìkanwà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àmọ̀dá kò mọ̀ pé ariwo tí òun máa ń ráhùn sí láyé ọjọ́sí ni òun fi ń mọ àkókò. Ẹni tó ń fọ eyín, ẹni tó ń kígbe pé ta ló gbé korobá òun, ọmọ tó ń sunkún nítorí kò fẹ́ wẹ̀. Báyìí, bó bá jí, kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Á se ìrẹsì fún ẹni méjì nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún ẹnìkan, ìyókù á kan. Ó ń dá rédíò lóhùn. Bó bá pe Kàfáyá, á bèèrè nípa ẹsẹ̀, Kàfáyá á bèèrè bóyá ó ti jẹun, ọ̀rọ̀ á wá tán, wọ́n á sì pa fóònù.

Ìgbà náà ni ìwé ìpè dé sí àwọn alága àdúgbò pé ìpàdé gbogboogbò kan máa wà ní Ọ̀tà lórí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Àmọ̀dá mú Umar dání, wọ́n lọ. Ó ti pinnu pé òun máa sọ̀rọ̀ gbígbóná. Nígbà tí wọ́n jókòó, ta ló dúró níwájú tó ń ka àbájáde ìwádìí bí kò ṣe Oyèbọ́lá. Ó ń kà á ní àdúgbò-àdúgbò, láti Adó-Odò títí dé Sáńgò.

"Àdúgbò Àpọ́nlé," ó sọ. "Ilé mẹ́tàdínlógún, èèyàn mọ́kànlélógójì. Ọmọdé, kò sí. Ṣọ́ọ̀bù, kò sí."

Àmọ̀dá ti dìde kó tó mọ̀. "Irọ́ ni. A ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Àwọn ọmọdé nìkan ò lóǹkà. Umar tó jókòó yìí, télọ̀ ni, ẹ̀rọ mẹ́ta ló ní. Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín?"

Oyèbọ́lá wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Kò dárúkọ rẹ̀, ó kàn rọra sọ pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà ni."

Umar fa agbádá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jókòó."

Kò jókòó. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti Àmọ̀dá kò tiẹ̀ tó ọdún méjì.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ó sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi náà ni mo ní kí àwọn yòókù sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé owó orí ni. Ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe kó nọ́ọ̀sì wa lọ?"

"Owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ kò tó gbogbo ibi tó nílò rẹ̀, Bàbá. Iṣẹ́ ìwádìí wa ni láti sọ ibi tó máa ṣe àǹfààní jù. Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, tí èèyàn mọ́kànlélógójì wà níbì kan, tí ẹgbẹ̀rún kan ó lé wà níbòmíràn, tí nọ́ọ̀sì sì jẹ́ mẹ́ta, ibo lẹ máa rán wọn lọ?"

Àmọ̀dá ní, "Ibi tó ní ẹgbẹ̀rún."

"Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀," Oyèbọ́lá sọ, ó sì yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́. "A ò kéde dáadáa ká tó wá. A ò mú ẹni tí wọ́n mọ̀ dání. Àwọn gbájú-ẹ̀ ti ba orúkọ ìjọba jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn tó ń gba owó orí tòótọ́ kì í sì í fi ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe han ẹnikẹ́ni. Mo rí kẹ́tù mẹ́sàn-án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká padà wá wo ilé yẹn. Mi ò kọ ọ́."

"Ṣé wọ́n á dá nọ́ọ̀sì padà ní oṣù tó ń bọ̀?"

"Ìṣúná ọdún yìí ti di òfin, Bàbá. Àmọ́ ẹ lè kọ ìwé pé kí wọ́n tún yín kà kí ti ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ so ìwé àwọn aláìsàn tó ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ni ẹ̀rí. Ìṣúná kì í ṣe ìwé àṣírí. Ẹ bèèrè rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí orúkọ àdúgbò yín."

Wọ́n kọ ìwé náà. Nọ́ọ̀sì Ọláníkẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí iye àwọn tó ń wá láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ̀dá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ àforíjì, ó sì ń ṣàlàyé. Àwọn kan gbà á. Onílé kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, nítorí òkú ọmọ ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí nínú ọkọ̀ lọ́nà Ọ̀tà. Àmọ̀dá kọjá lọ sílé tó kàn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Nígbà tí wọ́n wá fún àtúnkà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́mipọ̀ ni wọ́n rán. Umar mú un láti ilé dé ilé. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, aṣọ iṣẹ́ wà lórí okùn, àwọn ìyá ń na ìka sí ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kan ilé Àmọ̀dá.

"Èèyàn mélòó ló ń gbé ibí, Bàbá?"

Umar wò ó. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, kò sì sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Àmọ̀dá bá sọ pé mọ́kànlélógún, ó máa ran àdúgbò lọ́wọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti ń gbé e bọ̀. Ó gbé e mì.

"Èmi nìkan."

"Àwọn yàrá yòókù ńkọ́?"

"Òfìfo ni."

Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ ọ́, ó kí i, wọ́n sì kọjá sílé kejì.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, wọ́n máa kan ilẹ̀kùn tìrẹ náà lọ́jọ́ kan. Má sáré sínú yàrá, má sì sáré tú gbogbo àṣírí rẹ. Bèèrè káàdì. Ka lẹ́tà. Pe ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè owó tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì rẹ, lé e jáde, olè ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n wá wádìí, ka ara rẹ, ka ọmọ rẹ, ka ayálégbé rẹ, kí o sì fi iṣẹ́ rẹ hàn. Lẹ́yìn náà, lọ sí ìpàdé, kí o bèèrè ohun tí wọ́n fi iye náà ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò náà, ẹni tí ẹ kò bá fi ohun tí ẹ fi owó rẹ̀ ṣe hàn, ẹ má retí pé yóò sòótọ́ fún yín.

Àbájáde àtúnkà náà ti dé Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì méjì padà ní ọdún tó ń bọ̀. Àmọ̀dá pe ìyàwó rẹ̀ láti sọ fún un.

"Alhamdulillahi," Kàfáyá sọ. "Ó máa ṣe àwọn tó kù láǹfààní."

Àmọ̀dá bi í bóyá ó máa padà wálé nígbà náà. Kàfáyá ní kí wọ́n ṣì máa wò ó, pé ọ̀nà jìn fún ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó sì bèèrè bóyá ó ti jẹun.